Ta Ni Ó Kọ Lẹ́tà Yìí?

Ẹ̀kọ́ tòní jẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà. Kì í ṣe èyí tí a óò máa kà sókè níwájú ọmọdé. Ó dá lórí àwọn obìnrin tí ń fi ara wọn ṣòwò. Àwa Yorùbá ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó. Àwọn oníwèé ìròyìn a máa pè wọ́n ní olówò nàbì. Bí a bá dárúkọ yìí láàárín ọjà, àwọn kan á tutọ́ sílẹ̀, àwọn kan á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a fi itọ́ àti ẹ̀rín sí apá kan ná. Ẹ jẹ́ kí a kàwé.

1. Lẹ́tà inú Akéde Èkó

Ní ọdún 1928, ìwé ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìlú Èkó. Akéde Èkó ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni I. B. Thomas ni olóòtú rẹ̀. Ní ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn náà. Ẹni tí ó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Lẹ́yìn lẹ́tà kìíní, òmíràn tún jáde. Òmíràn sì tún tẹ̀ lé e, títí ó fi di ọdún 1930.

Kí ni Sẹ̀gilọlá sọ? Ó ní arẹwà obìnrin ni òun rí. Ó ní àwọn ọkùnrin ń rọ́ tẹ̀ lé òun, òun sì jayé. Ó ní nísisìyí àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, ìṣẹ́ ti wọlé tọ òun wá, àwọn tí ó bá òun jayé kò sì yà wo òun mọ́. Ó bẹ àwọn ọmọbìnrin kí wọn má ṣe tọ ọ̀nà tí òun tọ̀. Àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn náà káàánú rẹ̀. Àwọn kan kọ̀wé sí olóòtú nípa ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé obìnrin náà wà láàyè.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá yìí. Ọ̀gbẹ́ni Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo lẹ́tà náà. Ní ọdún 1930 ó kó wọn jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ka ìwé náà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 2012, Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber tún un tẹ̀ jáde, ó sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí i.

Iṣẹ́ ńlá ni ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe fún èdè wa. A kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Obìnrin tí àwọn ènìyàn rò pé ó ń sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, ọkùnrin ni ó ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó kábàámọ̀ nítorí pé òǹkọ̀wé fẹ́ kí ó kábàámọ̀. Ó sunkún nígbà tí òǹkọ̀wé fẹ́ kí ó sunkún. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A óò padà sórí rẹ̀.

2. Obìnrin kan wọ kíláàsì wa

A ní kíláàsì àgbà kan ní ìlú kan tí a kò ní dárúkọ. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ń lò ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti lọ sílé. Àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn bíríkìlà àti àwọn awakọ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan wọlé wá. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní òun fẹ́ mọ̀wé kà. A kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ariwo sọ. Àwọn ìyá mẹ́rin dúró dè wá lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Tíṣà, ṣé ẹ mọ irú obìnrin tí ẹ mú jókòó tì wá? Òtẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ gáréèjì ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń wá síbí, àwa ò wá mọ́ o."

A gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. A kò fẹ́ kí kíláàsì tú. Kí ni a wá ṣe? A pe obìnrin náà sí kọ̀rọ̀. A ní kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ ná. Kò jà, kò bínú. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó ká ìwé rẹ̀, ó sì lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. A ti dá ọmọdé padà sílé rí nítorí owó ilé ìwé. Ṣùgbọ́n a kò tíì lé àgbàlagbà tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá nítorí ìwé. Oorun kò kun ojú wa lóru ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta, a ránṣẹ́ pè é. Ó wá. A bẹ̀ ẹ́, a jókòó tì í lábẹ́ igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́ náà, ó sì sọ̀rọ̀ fún wa.

3. Ohun tí ó sọ

Ó ní òun bí ìbejì. Ọ̀dọ̀ ìyá òun ni wọ́n wà ní abúlé. Bàbá wọn ti bá tirẹ̀ lọ láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Òun ti ṣe alágbàfọ̀, òun ti ta omi, òun ti fọ abọ́ nílé olóúnjẹ. Owó tí ń wọlé kò tó jẹun, áńbọ̀sìbọ́sí owó ilé ìwé ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ òun kan ni ó mú òun dé òtẹ́ẹ̀lì.

"Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, sà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo rí ọ̀nà márùn-ún, tí mo wá mú èyí níbẹ̀."

Ó ní orúkọ méjì ni òun ń jẹ́. Ọ̀kan wà fún òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan wà fún abúlé. Oníbàárà kankan kò gbọdọ̀ mọ ti abúlé láéláé. Nígbà mìíràn, bí òun bá wà lọ́dọ̀ ìyá òun, tí ìyá náà pe òun, òun kì í tètè dáhùn. Ó ní ẹ̀rín ni ó le jù nínú iṣẹ́ náà. Kí ènìyàn máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò pa á lẹ́rìn-ín, ó le ju àìsùn lọ. Ó ní ẹ̀rù kì í tán lọ́kàn òun: ẹ̀rù ẹni tí yóò na òun dípò kí ó sanwó, ẹ̀rù àìsàn, ẹ̀rù àwọn tí yóò wá kó wọn lóru.

A ń retí kí ó sunkún. Kò sunkún. Ó ní kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀ o. Àwọn obìnrin náà ń dá èésú. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, wọn a dáwó jọ, wọn a sì se ọbẹ̀ fún un. Ó ní ọjọ́ tí òun san owó ilé ìwé ọmọ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun jó nínú yàrá òun.

A bi í léèrè ìdí tí ó fi fẹ́ mọ̀wé. Ó ní ìyá òun fi ìwé èsì ìdánwò àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ sí òun. Òun kò lè kà á. Òun gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ó kà á, ó gbowó. Kò tíì di alẹ́ tí ó fi ń sọ ọ́ kiri pé, "Ẹ wá gbọ́, aṣẹ́wó yẹn ní ìbejì nílé ìwé!" Ó ń dárúkọ ọmọ, ó ń dárúkọ abúlé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Sà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún mọ ọ̀rọ̀ mi kí èmi tó mọ̀ ọ́n."

4. Ta ni kí a bá wí?

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí bí àgbà. Àwọn baba wa ní, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Bí ẹni tí ń ra ọjà kò bá sí, ta ni yóò tà á? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lọ sí òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọkọ ìyàwó, wọ́n jẹ́ bàbá ọmọ, àwọn ènìyàn sì ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn. A ti fún obìnrin náà ní orúkọ tí a fi ń bú u. Ẹ wá sọ fún wa: orúkọ wo ni a fi ń bú oníbàárà rẹ̀?

Ẹbí náà ńkọ́? Bí ó bá fi owó ránṣẹ́ sílé fún aṣọ ẹbí, fún òrùlé, fún ìnáwó òkú, a kì í bi í léèrè ibi tí owó ti wá. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ kò bá yá, tí ó padà wálé, a óò wá rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò dára. Ẹni tí a bá jẹ nínú owó rẹ̀, ó yẹ kí a lè bá a jẹun.

A tún gbọ́dọ̀ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Àgbàlagbà tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ọmọdé, àti ẹni tí a tàn tàbí tí a fipá mú, wà lọ́tọ̀. Ti ọmọdé àti ti ẹni tí a fipá mú kì í ṣe iṣẹ́ rárá. Ọ̀daràn ni ẹni tí ó kó wọn débẹ̀. Ní ọdún 2003, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe òfin tí ó lòdì sí kíkó ènìyàn ṣòwò, wọ́n sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti máa mú àwọn tí ń ṣe é. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 2015. Ní ìlú Benin, ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì gbé àwọn tí ń kó ọmọ ènìyàn lọ ṣòwò ní ìlú òkèèrè ṣépè. Ó sì tú àwọn tí wọ́n ti mú búra sílẹ̀ kúrò nínú ìbúra náà. Kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó bá adìẹ wí.

Ti àgbàlagbà ńkọ́? Òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù ilẹ̀ wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọkùnrin tí ń jẹun nínú owó tí obìnrin ń pa níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n wà fún un. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ fún àwọn obìnrin kan tí wọ́n wọ ilé lọ mú. Ilé ẹjọ́ náà ní àwọn agbófinró kò ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilé ènìyàn lọ mú obìnrin, kìkì nítorí pé wọ́n fura pé aṣẹ́wó ni. Ìdájọ́ yìí kò sọ pé iṣẹ́ náà dára. Ohun tí ó sọ ni pé ẹni tí ń ṣe é ní ẹ̀tọ́ bí ènìyàn yòókù.

Àwa náà kò sọ pé iṣẹ́ náà dára. A kò ní gba ọmọ wa níyànjú láti ṣe é. Ewu rẹ̀ pọ̀: lílù wà níbẹ̀, àrùn wà níbẹ̀, ìdáwà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi èébú lé obìnrin kúrò ní ilé ìwòsàn, àrùn kò bá a lọ. Bí a bá lé e kúrò ní kíláàsì, ọ̀nà mìíràn tí ó lè rí ni a dí mọ́ ọn.

5. Lẹ́tà tí àwa kọ

A dá obìnrin náà padà sí kíláàsì. A kò sọ àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. A kàn sọ fún gbogbo wọn pé, "Kíláàsì yìí kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ó ti rí owó ra bébà." Ìyá méjì bínú lọ. Ọ̀kan padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Obìnrin náà kì í pa ìwé jẹ. Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ títí ìka kò fi wúlò fún un mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ gbígba ìwé ẹ̀rí ń bọ̀, a rò pé a ní ọgbọ́n. A jókòó, a kọ lẹ́tà kan fún un láti kà níwájú àwọn ènìyàn. Lẹ́tà náà dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, "Èmi tí mo ti jìn sí kòtò rí…" Ó kábàámọ̀, ó bẹ Ọlọ́run, ó bẹ aráyé, ó kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. A rò pé yóò ṣe àwọn ènìyàn láǹfààní, pé àwọn tí ó ń gàn án yóò sì dárí jì í.

Ó gba lẹ́tà náà. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè.

"Ọ̀gá Tíṣà, ta ni ó kọ lẹ́tà yìí?"

A ní, "Àwa ni."

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín dùn, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi kàwé tú àṣírí mi fún aráyé. Ẹ̀yin náà wá fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi tú u."

Ojú tì wá. Ó tọ̀nà. A ti kọ́ ọ láti kà, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ó kọ ti ara rẹ̀. Ìgbà náà ni a rántí Sẹ̀gilọlá àti Akéde Èkó. Ní ohun tí ó tó àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwa náà ṣì ń kọ ẹkún fún obìnrin tí kò sọ pé òun fẹ́ sunkún.

A gba lẹ́tà wa padà. A fún un ní bébà tí a kò kọ nǹkan kan sí. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí ó mú wá ni èyí:

"Èmi ni Ìyá Ìbejì. Táíwò wà ní ìwé kẹrin. Kẹ́hìndé wà ní ìwé kẹrin. Táíwò mọ ìṣirò. Kẹ́hìndé ń sọ̀rọ̀ jù ní kíláàsì, tíṣà rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kà á fúnra mi. Ẹnikẹ́ni kò kà á fún mi."

Ó gbàgbé àmì sórí ọ̀rọ̀ méjì. A kò fi bírò pupa kàn án.

Ní ọjọ́ náà, ó dìde, ó kà á. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sọ ohun kan nípa òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín nígbà tí ó dé ibi ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé. Nígbà tí ó jókòó, ìyá kan nínú àwọn mẹ́rin ìjọ́sí yíjú sí i, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o." Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí gbogbo kíláàsì ń pè é nìyẹn.

Ẹ ó bi wá léèrè pé: ṣé ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀? A kò bi í. Bí ó bá fẹ́ kí a mọ̀, ó ti mọ̀wé kọ. Kí a tó tẹ ìwé yìí, a gbé e fún un, ó kà á. Ó ní kí a yọ ohun kan kúrò, a sì yọ ọ́. Ẹ má sì wá a kiri o. Ìyá ìbejì pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí kọ́ wa nìyí: kí a tó sọ̀rọ̀ lórí ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a jẹ́ kí ó sọ ti ẹnu rẹ̀. Kí a tó kọ̀wé fún un, ẹ jẹ́ kí a bi í bóyá ó fẹ́ gba gègé lọ́wọ́ wa.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀

Olóòtú: ẹni tí ń ṣètò ohun tí ó ń jáde nínú ìwé ìròyìn.
Ìtàn àròsọ: ìtàn tí ènìyàn fi ọgbọ́n orí gbé kalẹ̀, tí kò ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.
Agbófinró: ọlọ́pàá àti àwọn mìíràn tí ìjọba yàn láti máa ṣọ́ òfin.
Áńbọ̀sìbọ́sí: kí a má tilẹ̀ sọ ti èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Ta ni ó kọ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá?
2. Kí ni ìdí tí Ìyá Ìbejì fi fẹ́ mọ̀wé kà?
3. Ohun wo ni àwa tíṣà ṣe tí kò dára? Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ẹ dárúkọ méjèèjì.
4. Bí ẹ bá wà nínú àwọn ìyá mẹ́rin náà, kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ẹ jíròrò rẹ̀. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni ní ìlú yín.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ ìlà márùn-ún nípa ara yín. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí tíṣà sọ ohun tí ẹ óò kọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á, ẹ ká a, kí ẹ fi í sápò. Tiyín ni.